Dáńdá Tó Wà Lẹ́rẹ̀kẹ́ Fàsílátù

Obìnrin kan wà ní Èjìgbò wa yìí tí wọ́n gba àbàtà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ló rí. Kì í ṣe pé ó purọ́. Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti baba rẹ̀. Ohun tó há sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́, àwọn tó sì dá ẹjọ́ náà, ìrun márààrún kì í fò wọ́n. Mùsùlùmí ni èmi náà. Ẹ̀yìn lèmọ́mù kan náà ni mo ṣì ń kírun títí dòní, n kò sì kọ èyí láti fi ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ ọ́ nítorí pé ẹni tó bá béèrè Fàsílátù lọ́wọ́ àwọn èèyàn nísinsìnyí, wọn yóò sọ fún un pé obìnrin olóògùn kan ni. Kì í ṣe olóògùn. Dáńdá ló ń tà.

Ilé Jagun ni wọ́n bí i sí, lọ́nà Masifa, níbi tí odò kékeré kan ti ń sun, tí omi rẹ̀ sì ń tàn sínú àbàtà kó tó ríbi gbà lọ. Àbúrò baba rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ dáńdá láti kékeré. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ Àdìsá, télọ̀ kan ní àdúgbò wa. Àdìsá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Àbíjàn, ó ní òun ń lọ wá máṣíìnì tuntun. Ìròyìn ikú rẹ̀ ló padà wálé. Láti ìgbà náà ni inú rírun ti ń yọ Fàsílátù lẹ́nu, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi dáńdá há ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń jẹ obì. Bó bá kí ọ, òórùn rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ kí o tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ dáńdá yẹn náà ló fi tọ́ àwọn ọmọ tí Àdìsá fi sílẹ̀ fún un.

Lọ́jà, gbòǹgbò gbígbẹ ni èèyàn ń rí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ dáńdá nínú omi. Koríko kékeré ni. Kò ga kọjá orúnkún. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ rí róbótó, ó funfun díẹ̀, bíi bọ́tìnì aṣọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò tẹ̀ ẹ́ kọjá ni. Abẹ́ ẹrẹ̀ ni ọlá rẹ̀ wà: gbòǹgbò pupa rúsúrúsú, kókó kan ń tẹ̀ lé òmíràn bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá pa ewé rẹ̀, gbòǹgbò kì í kú. Òjò kan péré, ó ti tún hù. Bí o bá ṣẹ́ ẹ, òórùn dídùn rẹ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ bọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ọmọ ń sè é sínú omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, wọ́n ń gún un mọ́ ọṣẹ, wọ́n ń fi í sáàárín aṣọ nínú àpótí. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe ń jẹ ẹ́, ẹni tí inú ń run ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń lọ sí Àbíjàn kì í gbàgbé rẹ̀ nínú ẹrù.

Wọ́n tún ń sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Àwọn àgbà gbà pé ẹni tó bá fi dáńdá há ẹnu lọ rojọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dúró. Wọ́n ní bó bá sì jẹ́ irọ́ ló fi í pa, irọ́ náà yóò padà wá bá a nílé. Èmi kò gbà á gbọ́. Ọlọ́run nìkan ló ń mú ọ̀rọ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n ní Èjìgbò, àti ẹni tó ń kírun, àti ẹni tó ń bọ Ògìyán, àti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ wọn ló gbà á gbọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń sẹ́ ẹ lójú ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú mi wà.

Àbàtà ilé Jagun ní òfin tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ló ni ọ̀pẹ ògùrọ̀ tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí nínú ilé ló ni dáńdá, ìbáà jẹ́ ibi yòówù tí wọ́n lọ́kọ sí. Ìyàwó ilé kì í gbẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin tó bá bí ni yóò gbẹ́ ẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, wọn yóò jọ wọ inú ẹrẹ̀ láìwọ bàtà, wọn yóò máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá gbòǹgbò kiri. Ọkọ́ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí ọkọ́ a máa gé e wẹ́wẹ́. Igi ṣóńṣó ni wọ́n fi ń tú u. Bí wọ́n bá fà á jáde, wọn yóò ṣẹ́ tiwọn mú, wọn yóò dá orí rẹ̀ pẹ̀lú kókó kan padà sínú ẹrẹ̀, wọn yóò sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè tún hù. Wúràọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba Fàsílátù, a máa bá orí dáńdá sọ̀rọ̀ bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́.

"Jókòó síbẹ̀," ni yóò wí. "Ìwọ má lọ sílé ọkọ bíi tiwa."

Gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀.

Ọdún tí ọ̀dá dá, ní 1973, ni Alhaji Mùtàlíbù ti Àbíjàn dé. Ọmọ ilé Jagun ni òun náà, àbúrò ló jẹ́ fún Fàsílátù. Fàsílátù ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti ṣòwò, ó ti lówó, ó ti lọ sí Mẹ́kà. Ó rí i pé àbàtà ti gbẹ, ó sì wà lẹ́bàá títì, ló bá ní ibẹ̀ lòun fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òun sí. Bàbá Oyèdèjì ni Baálé ilé nígbà náà. Àìsàn ti dá a wó, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ pé.

"Ilẹ̀, mo lè fún ọ," ni Baálé wí. "Dáńdá kì í ṣe tèmi. Pe àwọn tó ni ín."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Fàsílátù, tó jẹ́ àgbà àwọn ọmọbìnrin ilé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí etí àbàtà, Baálé ń tẹ ọ̀pá. Níbẹ̀ ni Alhaji ti nawọ́ sí ọ̀pẹ kan tó dá dúró, ó ní láti ìdí ọ̀pẹ náà dé etí odò, òun kò ní fọwọ́ kàn án, ti àwọn ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni títí ayé. Baálé ṣe àdúrà, wọ́n ṣe àmín. Wọn kò pe ẹlẹ́rìí. Ta ní ń wá ẹlẹ́rìí láàárín ọmọ baba kan náà? Kí òjò tó dé, Baálé ti kú. Ohun tí Fàsílátù sọ nìyí, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi gbà á gbọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ kan èèkàn kọjá ìdí ọ̀pẹ, ó di etí odò. Wúràọlá ló kọ́kọ́ rí i, ó sáré lọ pe Fàsílátù. Àwọn méjèèjì lọ bá Alhaji níwájú ilé tó ń gbé nígbà náà, ó jókòó sórí àga, ó nasẹ̀. Wúràọlá ló sọ bó ṣe lọ fún mi.

"Mùtàlíbù," ni Fàsílátù wí, "èèkàn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ti kọjá ọ̀pẹ."

Òun nìkan ló kù nínú ìlú tó ń pè é lórúkọ láìfi Alhaji ṣáájú, kì í sì í dùn mọ́ ọn.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀pẹ wo?"

"Ọ̀pẹ tí o nawọ́ sí lójú Baálé."

"Baálé ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n, koríko lẹ wá ń bá mi jà lé lórí yìí? Bó bá ṣe dáńdá lẹ fẹ́, n ó ní kí wọ́n bá yín ra àpò kan láti Ìbàdàn."

"N kò tọrọ dáńdá lọ́wọ́ rẹ. Mo ní o ṣèlérí."

"N kò ṣèlérí kankan. Sẹ fíní."

Wúràọlá bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní èdè Faransé ni, pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"A kò mọ̀ pé Faransé ni ẹ fi ṣèlérí," ni Wúràọlá wí. "À bá ti mú ògbufọ̀ dání lọ sí àbàtà lọ́jọ́ náà."

Fàsílátù kò gbé e lọ sí kóòtù. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbààgbà mọ́sáláṣí àdúgbò wa ló gbé e wá, nítorí pé ibẹ̀ ni òun àti Alhaji ti jọ ń kírun. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Mo ní ilé Ọlọ́run lọ̀rọ̀ wá yìí, òtítọ́ kò lè sọnù níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ọyẹ́ mú, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí, a fi aṣọ bora. Bàbá Sàlámì, olórí àwọn àgbààgbà, wà láàárín. Wọ́n gbé àga fún Alhaji lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Fàsílátù àti Wúràọlá wà lórí ẹní nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Fàsílátù rojọ́ rẹ̀ ní ṣókí, kò bú ẹnikẹ́ni. Alhaji náà rojọ́, ó ní gbogbo àbàtà ni Baálé fún òun, kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ, kò sí ọ̀rọ̀ odò.

"Ẹnu méjì ló wà nílẹ̀," ni Bàbá Sàlámì wí. "Ẹni tó bá mọ̀ pé òtítọ́ lòun sọ yóò fi Àlùkùránì búra. Fàsílátù, ṣé o lè búra?"

"Mo lè búra, Bàbá."

Ó ti ṣe àlùwàlá láti ilé. Ó gun àtẹ̀gùn, wọ́n gbé Àlùkùránì síwájú rẹ̀, ó la ẹnu. Òórùn dáńdá jáde. Ọkùnrin kan báyìí, Mọ́rúfù, tó máa ń bá Alhaji gbé báàgì kiri, bá dìde.

"Ẹ dá a dúró. Dáńdá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fi oògùn wá."

"Ìgbà wo ni dáńdá kò sí lẹ́nu mi?" ni Fàsílátù wí. "Ìwọ Mọ́rúfù, kí ni mo fún ọ jẹ níjọ́sí tí inú rírun dá ọ dùbúlẹ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ́rúfù ní ti inú rírun yàtọ̀, ti ẹjọ́ yàtọ̀.

Alhaji mi orí bí ẹni tí nǹkan ń dùn. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ̀gbọ́n mi ni, n kì bá tí sọ ọ́. Ìwà kèférí nìyí. Wọ́n fẹ́ fi dì wá lẹ́nu ni."

Bàbá Sàlámì ní kó tu ú dànù. Ó tu ú. Kókó kékeré kan ni, kò tó orí ìka. Wọ́n ní ìyẹn kò tó, kó fọ ẹnu. Wọ́n gbé búùtà omi àlùwàlá fún un. Obìnrin tó ti ní ọmọ ọmọ, wọ́n mú un dúró níwájú mọ́sáláṣí lójú gbogbo ọkùnrin, ó ń fi omi yọ ẹnu bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Obì sì wà lẹ́nu àwọn kan nínú àwọn tó ń wò ó. Ìyàwó lèmọ́mù wa gan-an ti ra dáńdá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, láti fi wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi búùtà fọ ọmọ náà.

Mo dìde, mo ní kò sẹ́ni tó wà níbí tí kò mọ ìdí tí obìnrin yìí fi ń jẹ dáńdá. Bàbá Sàlámì ní kí n jókòó, wọn kò pè mí ní ẹlẹ́rìí. Ó wá ní ìbúra ẹni tó fi oògùn wá kò ṣeé gbà mọ́. Wọ́n gbé Àlùkùránì fún Alhaji. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó búra pé òun kò ṣèlérí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Fàsílátù kò padà sórí ẹní. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí Wúràọlá, Wúràọlá sì tú etí ìró rẹ̀, ó mú odidi dáńdá kan jáde, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ó mọ́ o, Alhaji," ni Wúràọlá wí. "A ti fọ̀ ọ́. Ẹnu kankan kò tíì kàn án."

"Mùtàlíbù," ni Fàsílátù wí, "o ní oògùn ni. Ó dáa, ká pè é ní oògùn. Fi í sẹ́nu, kí o tún ohun tí o sọ yẹn sọ. Pé o kò ṣèlérí létí àbàtà. Bí o bá ti sọ ọ́, èmi náà ti gbà. N ó yọ ẹsẹ̀ mi kúrò nínú ẹrẹ̀ lónìí, n kò ní sọ ọ́ mọ́ láyé."

"Mùsùlùmí ni mí. N kì í jẹ nǹkan kèférí."

"Koríko lo pè é níjọ́sí. Jẹ koríko."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alhaji wo dáńdá náà. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ agbádá, mo rí i tó fà á padà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́. Gbogbo wa la rí i. Ọkùnrin tó gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì láìgbọ̀n, kò lè fi gbòǹgbò koríko kan sẹ́nu. Kí ló bẹ̀rù? Bó bá ṣe Ọlọ́run ló bẹ̀rù ni, kò ní búra nínú ilé Rẹ̀ bó ṣe búra. Dáńdá ló bẹ̀rù. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run lè dárí jì í tàbí kó gbójú kúrò, ṣùgbọ́n dáńdá kì í gbójú kúrò. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Òun ló tún wá pe obìnrin yẹn ní kèférí.

Bàbá Sàlámì wúkọ́. Òun náà rí i. Ojú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Alhaji ti búra, ẹjọ́ ti parí," ló wí. "Fàsílátù, fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kí n tó kúrò nílé, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo wá bá."

Ó wọ bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, òun àti Wúràọlá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra kí èèyàn sọ fún ẹlòmíràn pé kó fi nǹkan lé Ọlọ́run lọ́wọ́, nígbà tí nǹkan náà ń bẹ lọ́wọ́ tirẹ̀. O ní àṣẹ, o ní ojú, o rí òtítọ́ tó dúró síwájú rẹ pẹ̀lú ẹnu tútù, o wá gbé e ti Ọlọ́run kí o lè lọ mu ẹ̀kọ. Ṣé Ọlọ́run ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni, tàbí àwa? Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rẹ̀ bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo gbà pé Ó ń gbọ́. Èmi kò jiyàn ìyẹn rí. Ohun tí kò yé mi ni pé ẹnu méjì ló sọ̀rọ̀ níwájú Rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti irọ́ ló sì gba ilẹ̀. Mo bi àlùfáà kan léèrè, ó ní kí n ní sùúrù, pé èrè ń bẹ lọ́run. Mo ní mo mọ̀. Inú rírun Fàsílátù kò sí lọ́run, ilẹ̀ ayé ló wà.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, àwọn típà bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ pupa sínú àbàtà. Àwọn ọmọbìnrin ilé Jagun dúró létí títì, wọ́n ń wò. Wọ́n gé ọ̀pẹ yẹn lulẹ̀. Ìlú ní kí a máa wò ó, pé ilé tí wọ́n fi irọ́ kọ́ kò ní dúró. Mo wò ó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà dúró. Kò là, kò rì. Lèmọ́mù wa ló ṣe àdúrà ìṣílé rẹ̀, Alhaji sì tún lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ ire, ó bọ̀ ire. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ ògiri bí mo bá ń kọjá, bóyá dáńdá kan lè ti ibẹ̀ yọ orí. Kò yọ.

Ní 1977, èmi àti Fàsílátù jọ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń rùn dáńdá.

"Ọ̀nà wo nìyí, Màmá?"

"Ọ̀nà àbàtà ni. Agboolé kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló gbà kí n máa gbẹ́ nínú tiwọn. Àwọn ọmọ ilé ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́. Bí wọ́n bá gbẹ́ tán, wọn á pè mí."

"Ṣé ó máa ń kù?"

"Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbẹ́ nínú wọn, àwọn ni mo ń ṣàdúrà fún," ló wí. "Àwọn ló ń ṣẹ́ ẹ kù fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un pé n kì í jẹ́ kí ìrun Jímọ̀ kọjá láìdárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

"Kí lo máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní kí Ọlọ́run gbèjà yín."

Ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. "Ọlọ́run ti gbọ́ ìyẹn," ló wí. "Mùtàlíbù ńkọ́, ṣé o ti sọ fún un? Ẹ jọ ń wọ mọ́sáláṣí kan náà. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ rẹ ló máa ń dúró sí."

Ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, mo rí àwọn obìnrin nínú ẹrẹ̀, wọ́n tẹ̀, wọ́n ń gbẹ́. Fàsílátù bọ́ bàtà, ó tẹ́ àpò rẹ̀ sílẹ̀ létí àbàtà, ó jókòó lé e, ó ń dúró kí wọ́n pè é.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a kírun tí a sálámà tán, mo yíjú sí Alhaji. Mo ní, "Alhaji, ẹ ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n yín." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run gba ìrun wa. Ní Jímọ̀ kejì, mo tún un sọ. Láti ìgbà náà, kì í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Sàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́, ló ń dúró sí báyìí, lẹ́yìn lèmọ́mù gan-an.